Kí Ó Tó Le

Aago márùn-ún àárọ̀, ọyẹ́ ti fi ẹfun kun ètè gbogbo wa
ní ilé-ìpẹran Zango.
Mo gbá fúláàsìkì yìnyín mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.
Sabitu, ọmọ alápatà, ń rẹ́rìn-ín:
"Mai nama kaɗan ti dé o!"
ìyá ẹlẹ́ran díẹ̀, ẹni tí ń san owó odidi itan ewúrẹ́
tí í gé ìwọ̀n àtàǹpàkò, tí í fi ìyókù ta á lọ́rẹ.

Ṣùgbọ́n ẹran náà ṣì ń sọ kúlúkúlú.
Wọ́n ti dá ọrùn, wọ́n ti bó awọ,
itan ṣì ń ta lórí pákó
bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójú oorun.
Mo gé e. Mo tì í sínú yìnyín.
Mo fò sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá: Samaru, jọ̀ọ́, sáré,
kí ó tó le.

Yàrá ìwádìí wa kò tóbi. Fèrèsé méjì, ọ̀kan kò ṣeé tì,
eruku ọyẹ́ a gba ibẹ̀ wọlé, a jókòó sórí òṣùwọ̀n
tí í wọn ohun tí kò tó ìyẹ́ ẹ̀fọn.
Malam Garzali ti nù ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Ó ń fi Hausa bú afẹ́fẹ́,
ó ń fi Lárúbáwá bẹ̀ ẹ́.

Mo so fọ́nrán iṣan mọ́ ìkọ́, mo fi iná díẹ̀ kàn án.
Ó fà. Abẹ́rẹ́ ya òkè kan sórí ìwé.
Mo tún kàn án, òkè mìíràn.
Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kan ogójì, òkè ti di ebè.
Nígbà tó di ọgọ́rin, ebè ti di ilẹ̀ẹ́lẹ̀,
inú iṣan ti kan bí ògì tí a gbàgbé.

Iyọ̀ kan wà níbẹ̀, nínú àpò tín-ín-rín,
ọmọ ìyá ẹfun, ọmọ ìyá egungun.
Bí iná bá kàn án, a tú jáde,
fọ́nrán a gbá fọ́nrán mú,
wọn a máa fa ara wọn bí a ti ń fa okùn kànga.
Ìyẹn ti yé mi láti iléèwé.
Èyí tí kò yé mi títí mo fi dé Samaru
ni pé jíjọ̀wọ́ náà ń jẹ owó.
Ara a san ti dídìmú, a tún san ti títúsílẹ̀.
Òkú kò ní kọ́bọ̀.
Kì í ṣe pé ó di nǹkan mú:
kò rí ohun tí yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀ ni.

Bàbá mi ru àpò ẹ̀pà ní ibùdó rélùwéè Zaria
fún ọdún mọ́kànlélógún,
ará Ọ̀fà tí kò padà sí Ọ̀fà.
Lọ́jọ́ tí ó kú, kí n tó ti iléèwé dé,
ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti di ìkúùkù.
Àwọn tí ń wẹ̀ ẹ́ fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ rọ̀ ọ́. Kò là.
Bùràímọ̀ àbúrò rẹ̀ ní owó ló wà ńbẹ̀.
Ìyá mi ní rárá, ọ̀rọ̀ ni,
ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ fún òun.
Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, tòun ti ìkúùkù,
àwọn méjèèjì kò sì kí ara wọn fún ọdún mẹ́ta.

Mo mọ ohun tó wà ńbẹ̀ báyìí. Mo lè wọ̀n ọ́n,
mo lè kọ iye rẹ̀ síwájú àmì ìdọ́gba.
N kò tíì sọ fún ìyá mi.
Ó ṣì ń dá ọ̀rọ̀ náà tò ní alaalẹ́, ó ń pààrọ̀ rẹ̀;
ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá dára ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Iná lọ. Abẹ́rẹ́ dúró láàárín òkè.
"Ó ti le?" Malam Garzali béèrè nínú òkùnkùn.
Mo fọwọ́ kàn án.
"Ó kù díẹ̀," ni mo wí. "Ẹ bá mi wá yìnyín."